Gbòǹgbò Tí Bàbá Ní Ká Má Tà

Wainivatu, Kadavu, Fíjì
Ogúnjọ́ oṣù kejì, 2022

Apakuki, àbúrò mi,

O kú àjò, o kú iṣẹ́. Àwa náà wà níbí. Ìjì oṣù tó kọjá ṣí páànù ilé ìdáná lọ, kò ṣí wa lọ.

Orúnkún mi ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ti Ọsirélíà wálé tí kò ní gbé páálí oògùn ara ríro méjì wá fún mi látọ̀dọ̀ rẹ. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó o ti dákẹ́. Nígbà tí Vereniki, ọmọ àbúrò bàbá wa, wálé fún Kérésì, mo bi í, mo ní, "Ṣé kò sí kẹ́mísì mọ́ lọ́dọ̀ Apakuki ni?" Ó ń wolẹ̀. Mo bi ẹ́ lórí fóònù, o ń sọ ti ọkọ̀ tuntun fún mi. Lórí fóònù, ìwọ nìkan lo máa ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. O ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bébà lẹ́nu.

Tó bá jẹ́ owó rẹ̀ ló ń dùn ẹ́, sọ fún mi, mi ò ní kú. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Vunisea ní kí n máa jókòó, kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo bi í pé ta ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè lóko. Ó ní òun ti sọ tòun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Salanieta


Toowoomba, Ọsirélíà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 2022

Ẹ̀gbọ́n mi Salanieta, ìyá mi kejì,

Mo jókòó sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo kí yín. Mo kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú mi bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má pè mí ní ahun. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá kíláàsì márùn-ún, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni wọ́n kọ orúkọ mi sí lára níbí. Àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí ló ń bá mi gbẹ́ ihò òpó. Tí òyìnbó bá fẹ́ ṣe ọgbà wáyà tí màlúù ò ní wó, èmi ni wọ́n ń pè. Ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló máa fi oògùn orúnkún du ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Òfin ni. Tẹ́lẹ̀, mo kàn máa ń wọ kẹ́mísì ni, màá nawọ́ sí páálí bí ẹni ń ra bísíkíìtì. Èmi gan-an ń lò ó fún ẹ̀yìn. Ọjọ́ kan ni mo débẹ̀, ọmọbìnrin tó ti ń tà á fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ ní, "Ìwé dókítà dà?" Mo ní, "Ìwọ yìí kọ́ lo tà á fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti lọ, ọ̀gá. Ìjọba ní ó ń di bárakú." Mo wo ẹ̀yìn mi. Ṣọ́ọ̀bù sìgá ló kángun sí i, ilé bíà wà ní òdìkejì títì, ó kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn ò di bárakú fún ẹnì kankan. Mi ò sọ fún yín torí mo rò pé gbogbo ayé ló ti gbọ́.

Òfin tó ti ilẹ̀kùn yẹn ló ṣí òmíì. Yangona, gbòǹgbò tiwa tí à ń pò mu, tí wọ́n máa ń tú wò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni pé ìbọn wà nínú ẹ̀, wọ́n ti gbà kí wọ́n máa tà á báyìí. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ní Brisbane, ẹ máa bá a lórí pẹpẹ nínú ọ̀rá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Òyìnbó ń lọ̀ ọ́ mu kí wọ́n lè rí oorun sùn.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Mo gba iṣẹ́ ọgbà kan, ogójì kìlómítà, ní Agbègbè Àríwá. Ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ gan-an ni, àwọn dúdú tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ẹ mọ bí Bàbá ṣe tọ́ wa. Ta ló ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n mú bíà lọ. Mo ní ẹ dákẹ́, ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹ bá mi hú lára yangona tí Bàbá gbìn, kílò méjì péré, kí n fi kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Apakuki


Wainivatu
Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, 2022

Apakuki,

Mo ti gbọ́ ti òfin. Mo pè ẹ́ ní ahun, mo fà á sẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, ìdajì ni. Ọdún mẹ́rin pọ̀ jù fún ẹni tó ní fóònù.

Vereniki ló ń gbé kílò méjì bọ̀. Ebè kan ni mo hú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lórí páànù nínú oòrùn, èmi sì wà nísàlẹ̀, mò ń lé adìyẹ.

O ò sí nílé nígbà tí Bàbá ń kú lọ, nítorí náà jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ. Ebè mọ́kànlá ló fi sílẹ̀. Ó ní, "Salanieta, èyí kì í ṣe fún títà. Ti ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa ni, àti ti ẹni tá a bá lọ bá nílé." Ọdún tí owó ilé-ìwé ọmọ mi fẹ́ pa mí, tí àwọn oníṣòwò Suva dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò fọwọ́ kan ebè kan níbẹ̀. Mo lọ ń hun ẹní.

Tó o bá débẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi gbé e kalẹ̀. Dárúkọ Bàbá. Má gbéra títí wọ́n á fi ní kó o gbéra.

Salanieta


Toowoomba
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, 2022

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo pàtẹ́wọ́, mo kí yín. Ẹ bá mi yọ̀.

Mo débẹ̀, mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Roy. Mo gbé gbòǹgbò kalẹ̀ níwájú ẹ̀, mo jókòó sínú iyanrìn. Ó ní, "Ọmọ, ta ló rán ẹ?" Mo ní, "Bàbá mi tó ti kú ni." Ó ní, "Kí ló ní kó o wá gbà?" Mo ní, "Kò ní kí n gba nǹkan kan. Ó ní kí n kan ilẹ̀kùn." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Àwọn tó ṣáájú ẹ wá síbí, wọn ò kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n gbé lọ."

A pò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, a mu ún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí màlúù tó sọnù lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ mi. Ọ̀gá àwọn òyìnbó ní, "Apa, báwo lo ṣe ṣe é?" Mo ní nǹkan tí wọn kì í kọ́ni ní yunifásítì ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ìdílé mẹ́fà míì ló tún ní ilẹ̀ yẹn, kálukú ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Mi ò lè kan ti Roy kí n fo tàwọn yòókù. Ẹ bá mi wá kílò méjìlá. Vereniki àtàwọn méjì tí wọ́n jọ ń bọ̀ wá já èso lè gbé mẹ́rin mẹ́rin, òfin pápá ọkọ̀ òfuurufú gbà á. Àwọn kan ń sọ pé òfin Àríwá ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Brisbane, ṣé orílẹ̀-èdè míì ni Àríwá ni?

Èmi ni,
Apakuki


Wainivatu
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, 2023

Apakuki,

O kú ọdún. Ọ̀rọ̀ Bàbá Roy yẹn dùn mọ́ mi. Mo kà á fún àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ àdúrà, wọ́n ní kí n tún un kà.

Àmọ́ kílò méjìlá. Ṣé ilẹ̀kùn mẹ́fà ni àbí géètì ìlú? Ìkanlẹ̀kùn tí mo mọ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì ti tó ilé kan. Ebè mẹ́fà ni mo máa hú, a jẹ́ pé mẹ́rin péré ló máa kù.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa bi ẹ́, mi ò ní bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ìkanlẹ̀kùn ni? Kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Má pè mí lórí fóònù.

Salanieta


Toowoomba
Ọjọ́ kejì oṣù kejì, 2023

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìkanlẹ̀kùn ni. Mo fi Bàbá búra.

Apakuki


Toowoomba
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, 2023

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi,

Mo jókòó sílẹ̀, mi ò tiẹ̀ lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n mú mi.

Mo ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọjá ààlà wọ Àríwá, kò tíì pé wákàtí kan. Ọlọ́pàá méjì ní kí n dúró. Wọ́n rí àpò méjì lẹ́yìn ọkọ̀, kílò mẹ́jọ. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Gbòǹgbò ni." Ó ní, "Kí ló ń ṣe?" Mo ní, "Ó ń jẹ́ kéèyàn jókòó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbí, oògùn olóró là ń pè é, tó bá ti pọ̀ tó báyìí." Mo ní, "Ọ̀gá, ibi tí mo ti ń bọ̀, wọ́n ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá arúgbó ń rà á. Títì kan náà ni mo ń tọ̀, ọ̀dà kan náà. Ibo ló ti wá di oògùn olóró?" Ó yíjú, ó nàka sí ẹ̀yìn. Ó ní, "Níbi pátákó tó o kọjá yẹn."

Ẹ̀gbọ́n, páálí bíà méjì wà nínú ọkọ̀ yẹn, ti àwọn òṣìṣẹ́ mi. Ó gbé e jáde kó lè rí ìdí àpò, ó dá a padà. Ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí lọ́yà sọ. Tí kóòtù bá gbà pé fún títà ni, wọ́n á gba físà mi, ó parí fún mi nìyẹn. Ọkọ̀ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, ogún ọdún. Tó bá jẹ́ fún àṣà wa ni, adájọ́ lè gbọ́. Ìwé kan ṣoṣo ló máa gbà mí. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gbọ́ ìbúra ní Vunisea. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́, pé fún ìkanlẹ̀kùn ni, kì í ṣe ọjà. Kó tẹ lọ́yà lọ́wọ́ kí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ tó pé. Ọjọ́ yẹn ni kóòtù.

Àbúrò yín,
Apakuki


Toowoomba
Ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 2023

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò tíì rí èsì yín. Bóyá ọkọ̀ ojú omi ni ò lọ. Mo pe fóònù ilé ìtajà abúlé, ọ̀rẹ́ yín tó gbé e ní ẹ wà lóko. Mo tún pè lọ́jọ́ Sátidé, ó tún ní ẹ wà lóko. Oko wo lẹ̀ ń ro lóru?

Lọ́yà ń béèrè. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kì í já mi kulẹ̀.

Apakuki


Toowoomba
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, 2023

Ẹ̀gbọ́n,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù. Ṣé Vereniki ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ohunkóhun tó bá sọ, ọ̀rọ̀ ọmọdékùnrin tí mo lé kúrò níbi iṣẹ́ ni. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́.

Apakuki


Wainivatu
Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 2023

Apakuki,

Vereniki dé láti àárín oṣù kẹfà. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń jẹun nílé mi, tó ń wolẹ̀ bó ṣe máa ń wolẹ̀.

Ìwọ̀ ẹja ni mo lọ yá lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n mú un nínú báàgì òun. Inú ọ̀rá kékeré kan ló kó wọn sí, mo tú u, mo sì rí Bàbá lára ọ̀rá náà. Fọ́tò tá a lò níbi òkú rẹ̀ ni, èyí tí kọ́là rẹ̀ wọ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀, àádọ́ta gíráàmù.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo pè é wọlé. Mo ní, "Vereniki, kí lèyí?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ dá ìwọ̀ náà padà síbẹ̀." Mo ní, "Mélòó ni?" Ó ní, "Àpò kan ló kọ́kọ́ ní ká pín, lóṣù kẹta. A lọ̀ ọ́, ṣíbí ni mo fi ń bù ú sínú ọ̀rá. Ọgọ́rin ọ̀rá. Ọjọ́ méjì ló fi tà á tán. Torí pé òfin Àríwá ò gbà á ló ṣe wọ́n níbẹ̀, Àǹtí. Ó ní ká sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ òfin."

Ó tún ní ọmọbìnrin Bàbá Roy wá bá ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọkọ òun kì í dìde mọ́ lówùúrọ̀, ó ní kó o jọ̀ọ́ kó o má gbé e wá mọ́. Ìwọ dá a lóhùn pé nǹkan tí wọ́n ń tà ní Brisbane ni, kó lọ bá ìjọba jà. Ó ní lọ́jọ́ kejì, Bàbá Roy gbé èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ nínú gbòǹgbò tó o fún un wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ̀ rẹ, ó lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni Vereniki ní ó fi gbé e kalẹ̀.

Gbogbo ohun tó o kọ nípa òfin, òótọ́ ni. Òfin kan ta oògùn fún èèyàn títí, ó wá ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin kan ní gbòǹgbò kan náà jẹ́ oúnjẹ níhìn-ín, oró lọ́hùn-ún, pátákó ló pín wọn. Òfin burúkú ni wọ́n. Tó o bá fẹ́ kí n búra sí ìyẹn, màá búra. Àmọ́ òfin ò bá mi mu ọmú kan náà. Mi ò bi òfin pé ṣé ìkanlẹ̀kùn ni. Ìwọ ni mo bi, o sì fi Bàbá búra fún mi nígbà tó o ti ń wá fọ́tò rẹ̀ tó o máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Má pe Vereniki ní ọmọdékùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, irọ́ ni ò mọ̀ ọ́n pa.

Oṣù kan ni mo fi rò ó. Mo ní tí mo bá kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, àbúrò mi á dúró sílùú òyìnbó. Ta ló máa mọ̀? Mo lọ sí Vunisea lánàá. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìbúra gbé Bíbélì fún mi, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ, ìyá?" Ẹnu mi ò gba irọ́ náà. Mo ní kó kọ ohun tí mo mọ̀. Pé kílò méjì àkọ́kọ́, ìkanlẹ̀kùn ni, mo sì ń fi yangàn. Pé kílò méjìlá, ìkanlẹ̀kùn lo pè é fún mi, mo sì gbà ẹ́ gbọ́. Pé mi ò gbà ẹ́ gbọ́ mọ́.

Mo fi ti lọ́yà rẹ ránṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí.

Salanieta


Toowoomba
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, 2023

Salanieta,

Lọ́yà ka ìwé yín, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó ní òun ò lè gbé irú ẹ̀ dé iwájú adájọ́. Adájọ́ bi wá bóyá ẹnì kan wà nílé tó lè jẹ́rìí sí i pé àṣà ni. Lọ́yà wo ìwé ọwọ́ ẹ̀. Èmi wo ògiri.

Wọ́n ní kí n sanwó ìtanràn, mo san án lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé dé pé wọ́n ti gba físà mi. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ni mo gbọ́dọ̀ kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń wá síbòmíì. Ẹni tó fẹ́ ra àwọn ọkọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ń lé mi, ẹ̀rín ló fi ń dá iye tó máa san fún mi.

Mo tà á. Ó dáa, mo tà á. Ilé epo ń ta bíà, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ń ta sìgá, kẹ́mísì sọ mí di ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìsí oògùn, ó wá tilẹ̀kùn mọ́ mi. Gbogbo wọn jẹun níbẹ̀. Èmi tí mo wá láìní nǹkan kan, mo na ọwọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, èmi ni wọ́n gé lọ́wọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó tiyín. Ọlọ́pàá ò mọ̀ mí rí. Ọlọ́pàá mú mi, ẹ̀yin lẹ dè mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo tọrọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé mi pọ̀n. Ẹ̀yin náà lẹ tú ọ̀já.

Apakuki


Wainivatu
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, 2023

Apakuki,

Mo gba ìwé rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò kà á fún ẹnì kankan.

Wọ́n ti gbọ́ níbí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, wọ́n bi mí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bóyá lóòótọ́ ni mo kọ̀wé ta ko ọmọ ìyá mi. Mo ní lóòótọ́ ni. Àwọn kan ò kí mi mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà ti wá ẹlòmíì tó máa ṣáájú wọn. Mi ò bá wọn jiyàn. Bó o bá ń rò pé ó rọrùn fún mi, má rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo kọ. Mò ń sunkún nítorí ẹ̀, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ Suva máa ń dé. Èmi ni mo máa wà ní èbúté. Mi ò ní rán ẹnì kankan. Àwọn tó fẹ́ wòran á wá, jẹ́ kí wọ́n wò. Tó o bá fẹ́ bú mi, ibẹ̀ ni kó o ti bú mi, kó o bú mi tán pátá níwájú wọn, ká má baà gbé èyíkéyìí nínú ẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà, di etí kan àpótí rẹ mú, màá di èkejì mú. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ títí a ó fi gun òkè délé. Ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Salanieta